Irú Fọ́tò Tó Bá Wa Mu

Ìjà fọ́tò la fi ṣe ọjọ́ kejì ọdún tuntun l'Ógìdì.
Mọrọ́láyọ̀ gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ láàrin wa,
ó ń fi ìka ti àwòrán kan lé òmíràn:
ìdílé kan wọ funfun, gbogbo wọn fò sókè bí eéṣú,
ìdílé kan jókòó sínú koríko, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn lójú,
ìdílé kan kẹ̀yìn sí wa, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú,
wọ́n ń lọ síbi tí a ò mọ̀.
Bàbá wo ti ìkẹyìn yẹn títí.
"Ta ló ń lé wọn?"

Olúkòtún tó ti Lọ́kọ́ja wálé ní sítúdíò ló dáa,
ibi tí wọ́n ya ọkọ̀ òfurufú sára ògiri,
kí eruku ọyẹ́ má baà kùn wá ní àtíkè tí a ò rà.
Tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni má dúró rárá.
Kí Dáníẹ́lì ará Ìyàrá kàn máa rìn kiri láàrin wa
bí ewúrẹ́ tí kò ní olúwa,
kó máa ká wa mọ́ ibi tí a bá wà:
Ìyé lórí àpáta, níbi tó ti ń yí láfún padà fún oòrùn,
Bàbá nídìí kajú rẹ̀, àwọn ọmọ nínú ariwo wọn.
Mo ní bí òtítọ́ ṣe ń wọ inú fọ́tò nìyẹn.

A gbìyànjú ẹ̀.
N kò tíì rí irọ́ tó tó bẹ́ẹ̀.
Ìyé rí kámẹ́rà, ó já láfún jù sílẹ̀, ó lọ wẹ̀,
ó wé gèlè, ó padà wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́,
ó ń fi ìka méjì ṣà á bí ẹni ń ṣa abẹ́rẹ́.
Bàbá di igi kajú mú, ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ rà á.
Olúkòtún ń rẹ́rìn-ín sí afẹ́fẹ́.
Àwọn ọmọ nìkan ni kò parọ́. Wọ́n ti sá lọ.

Dáníẹ́lì jókòó sórí àpótí, ó nu ojú.
"Ẹ jọ̀ọ́, nílé yìí, báwo lẹ ṣe ń fẹ́ràn ara yín?"
A wo ara wa.
Ẹnikẹ́ni ò bi wá rí.

Àwa kì í dì mọ́ra.
A ó ní "Òkun o," a ó dúró gbọ́ ìdáhùn,
a ó wá béèrè bóyá o ti jẹun.
Lọ́jọ́ tí owó ilé-ẹ̀kọ́ mi pé lọ́wọ́ Bàbá,
ó kó o sórí tábìlì, ó fi tọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó jáde.

Ìyé àgbà, tí a rò pé ó ti sùn,
ló ní kí wọ́n lọ já ti ògiri wá,
èyí tí wọ́n yà lọ́dún tí ikán jẹ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì.
Gbogbo wọn dúró ṣánṣán bí òpó, ẹnu ní pípa dé,
Bàbá, ọmọ ọdún méje, nínú bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
"Ẹ wo bí a ṣe dúró.
Ẹni tó bá fẹ́ fò, kó fò lọ́jọ́ mìíràn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe tò síwájú àpáta,
Ìyé àgbà nìkan lórí àga,
aṣọ tó hun kí ojú rẹ̀ tó ṣú lórí itan rẹ̀,
àwa yòókù ní ìdúró, oníkálukú nínú aṣọ tirẹ̀.
Eruku ọyẹ́ ń bọ̀. A jẹ́ kó bọ̀.

Ó wà lórí ògiri báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́.
Àlejò á wò ó, á ní, "Ẹ mà le o! Ṣé ẹ̀ ń jà ni?"
N kì í dáhùn.
Kí Dáníẹ́lì tó kà á dé ẹẹ́ta,
ọwọ́ Bàbá ti gba ẹ̀yìn mi,
ó di etí ẹ̀wù mi mú
bó ṣe máa ń dì í mú ní gáréèjì Kábà
nígbà tí mo kéré, tí ọkọ̀ pọ̀,
kò sì jù ú sílẹ̀
títí iná kámẹ́rà fi kú.